"Ìjọba díjítà" kọ́: èsì láti Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀kan nínú wa ti béèrè bí a ó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá pé kí àwọn orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ máa bójú tó ayé díjítà, kó má ṣègbè, kó má sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ń ka èsì yín, mi ò dá sí i. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ondo ní ká pè é ní "ìjọba díjítà tó kónimọ́ra". Ó dùn ún gbọ́ létí. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn, "ìjọba" yẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹni tó jọba ló ń dé adé. Bí a bá ti gbọ́ "ìjọba", ààfin ló ń sọ síni lọ́kàn, tàbí Àbújá, tàbí ọ́fíìsì gómìnà ní Alágbàká níbí. Ta ló wá jọba lórí ohun tí à ń sọ yìí?

Lọ́dún tó kọjá mo lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kan ní Àkúrẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ fara balẹ̀, ó fi gbogbo àmì sí i bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwé jáde nínú ẹ̀rọ, àpótí òfìfo kékeré méjì ló jókòó síbi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, orúkọ yín le jù fún un." Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo sì ń wádìí. Ohun tí mo rí ni pé é tí àwọn Faransé ń lò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ tiwa kò ní. Ńṣe là ń fi ẹ kọ́kọ́ lélẹ̀, ká tó wá fi àmì òkè lé e, bí ẹni gbé igbá lé osùká. Bí fọ́ǹtì tàbí ẹ̀rọ kan ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń so méjèèjì pọ̀, àpótí ni yóò yọ. Àwọn tó ń pín nọ́ńbà yìí fún lẹ́tà gbogbo ayé ni Unicode Consortium, ní Kalifọ́níà. Wọn kì í ṣe ìjọba. Google àti Apple wà lára ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Kò sí ọba kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ló ń sọ bí orúkọ mi ṣe máa rí lórí ìwé.

Ìdí nìyẹn tí ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Túnís lọ́dún 2005 fi gbà pé ìjọba, ilé iṣẹ́ aládàáni àti ẹgbẹ́ aráàlú ló jọ ń ṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ní ipò tirẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọdọọdún kan ní Áténì. Wọn kì í ṣòfin níbẹ̀, wọn kì í dìbò, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jọ sọ. Ṣé ẹ̀yin ọmọ Ondo ló yẹ ká máa ṣàlàyé èyí fún? Òṣemàwé lọba yín, àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ọjà tuntun, Lóbùn ni wọ́n ń pè, obìnrin sì ni. Òun náà lọ́wọ́ nínú fífi Òṣemàwé fúnra rẹ̀ jẹ. Ọba wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkóso kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. "Àjùmọ̀ṣàkóso" ni tèmi. Ó gùn díẹ̀, mo gbà.

"Kónimọ́ra" ńkọ́? Ìwà onílé ni. Ẹni tó kóni mọ́ra ló nilé, àlejò lẹni tó kó mọ́ra. Bí a bá lò ó níhìn-ín, a ti gbà pé ojú àánú ni wọ́n fi ní ká wọlé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2024, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ ọ̀la ní New York, èyí tí wọ́n so Global Digital Compact, àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ díjítà, mọ́, Rọ́ṣíà gbé àtúnṣe kan dìde. Kóńgò ti Brazzaville ló dìde lórúkọ gbogbo Áfíríkà pé kí wọ́n má ṣe gbà á yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Àlejò wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé onílé? (Ẹni tó ní ká pe irú àdéhùn yìí ní "májẹ̀mú", ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún Bíbélì. Kò tilẹ̀ de ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin.)

"Ìdọ́gba" náà kò tó. Fún èmi tí mo wà ní Àkúrẹ́ àti ará etíkun Ìlàjẹ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbaná sí fóònù ní ohun kan náà lọ́gbọọgba, o ti ṣègbè. Nítorí náà, "láìṣègbè, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀". Ẹ padà wo ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lókè, mo ti lo méjèèjì kí n tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló rọ èdè wa lọ́rùn, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ gbọọrọ ló ń mú wa kọsẹ̀.

Àbúrò wa ní Ọ̀wọ̀ ní ká pe díjítà ní "onínọ́ńbà", torí òdo àti oókan ni kọ̀ǹpútà ń lò. Tí mo bá sọ ìyẹn ní gáréèjì, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ló máa dá mi lóhùn. "Ayélujára" ló wù mí jù, bí agbo ilé àtijọ́ tí èèyàn ń gba yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò gba ọgbọ́n àtọwọ́dá àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká fi díjítà sílẹ̀ bó ṣe wà, bí a ṣe gba bọ́ọ̀lù.

Ó wá ku dátà, òun ló sì ń dà mí láàmú jù. Àdéhùn 2024 yẹn sọ bó ṣe yẹ ká máa ṣàkóso rẹ̀, Nàìjíríà náà sì ti ṣòfin lórí ààbò rẹ̀ ní 2023. Àwọn kan nínú yín ní "ìwífún". Lánàá mo lọ ra káàdì lọ́wọ́ ìyá kan tó ń tajà lábẹ́ agboòrùn nítòsí Ọjà Ọba, mo ní kí n fi dátà dán an wò. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé òfin ti wà báyìí tó ń dáàbò bo dátà yín?"

Ó gbójú kúrò lórí owó tó ń kà. "Ọlọ́run ṣeun o," ó ní. "Gíìgì méjì tí mo rà lọ́jọ́ Sátidé, mi ò tíì fi wo nǹkan kan tó fi tán. Níbo la ti ń lọ fẹjọ́ sùn?"