Iṣẹ́ research fellow: ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí gàrí Ìjẹ̀bú kan ni mo fi gba Ph.D.; ọdún 3 rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ girama. Mo fẹ́ wá ipò research fellow ní Jámánì. Ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ nínú agbada gàrí, ní: “Ta ló fẹ́ ra kòkòrò?” Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ náà ni?

Bàbá Àgọ́-Ìwòye: Rárá, ìwádìí ni. Wo ti Humboldt, àjọ Jámánì tó ń gbé owó ìwádìí kalẹ̀: oṣù 6 sí 24, gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tíì ju ọdún 4 lọ tí o ti gba Ph.D. rẹ. Tètè o! Kọ́kọ́ wá ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà ọ́ sí làbù rẹ̀.

Àǹtí Ṣàgámù: Àbúrò, di gàrí dání. Ìyá ẹ á rí i pé wọ́n ra kòkòrò.