Gíríìsì wo ló yẹ fún rọ́bà regulator ìmòòkùn?

Ẹ̀yin àgbà òmòòkùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Regulator (ẹ̀rọ tó ń gbé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà wá sí ẹnu òmòòkùn) tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe ní Ifẹ̀ níbí, EPDM, irú rọ́bà àtọwọ́dá kan, ni òrùka rọ́bà inú rẹ̀. Gíríìsì ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Lagere kò gbọdọ̀ kàn án, Vaseline náà kọ́: nǹkan tó bá ti ara epo rọ̀bì wá máa ń mú EPDM wú, yóò sì máa jò. Fún afẹ́fẹ́ lásán, gíríìsì sílíkónì tó, kó ṣáà fẹ́lẹ́. Bó bá pọ̀, á kó iyanrìn. Nitrox, afẹ́fẹ́ tí a fi ọ́síjìn kún ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, gan-an ni ìṣòro. Bí ọ́síjìn bá kọjá 40%, sílíkónì lè gbiná. Nínú àwọn gíríìsì tí wọ́n ṣe fún ọ́síjìn, Christo-Lube MCG 111 ni kí n rà, àbí Krytox? Kí lẹ sì fi ń fọ sílíkónì àtijọ́ kúrò pátápátá?