Ìkówójọ fún ilé àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ n'Íléṣà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Ìsọ̀kùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa fẹ́ kówó jọ fún ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ìkókó tí wọ́n gbé jù sílẹ̀, èmi sì ni akápò. Lọ́jọ́ tá a lọ kí wọn, mo rí obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà tó dojú agolo mílíìkì dé, tó ń gbá ìdí ẹ̀ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè já sínú ṣíbí. Ọmọ ń ké lẹ́yìn ẹ̀. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ látìgbà náà.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń fẹ́ ìkówójọ ńlá: kánópì, aṣọ ẹgbẹ́, onílù, ìrẹsì. Kówó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ìnáwó ọjọ́ yẹn á ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Èmi ní ká máa dá a lóṣooṣù, kí kálukú mú ohun tágbára ẹ̀ ká. Wọ́n ní báwo làwọn olówó ṣe máa gbọ́ nípa ilé náà? Òótọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí WhatsApp. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ, ìyá wa. Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ dì mú. Ọmọ tí ò rí ọmú mu, mílíìkì ìkókó nìkan loúnjẹ ẹ̀ títí á fi pé oṣù 6. Kì í ṣe mílíìkì tá à ń bù sí tíì o! Tó bá ti ń tán lọ, wọ́n á fẹ́ là á lómi kó lè pẹ́. Ọmọ á máa mu, kò ní sanra. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n ń lò kẹ́ ẹ tó rà á, torí ti oṣù 0 sí 6 yàtọ̀ sí ti 6 sí 12, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lára agolo.

Ohun táwọn èèyàn kì í rántí ni gáàsì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń se omi, tí wọ́n ń bọ fídà. Owó ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìlera ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọmọ débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14, àti ní oṣù 9.

Wẹ́fíà Àná
Fọ́tò, rárá o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 dáàbò bo àṣírí ọmọ. Ọmọ yìí á dàgbà, á lọ síléèwé, ẹnì kan á sì fa fọ́tò yẹn yọ. Rísíìtì àti agolo ni kẹ́ ẹ yà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì sanwó sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé náà, kì í ṣe ti ẹnì kankan. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá ní òun fẹ́ gba ọmọ tọ́, kó lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà. Kó má fún ẹnikẹ́ni lówó lábẹ́lẹ̀.

Aláṣọ Àtakúnmọ́sà
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe ìkówójọ náà lọ́jọ́ ìkórè ìjọ yín. Kánópì ti wà nílẹ̀, èrò ti pé, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó náà á ti wálé. Ẹ kàn tọrọ àyè díẹ̀ lọ́wọ́ pásítọ̀. Àwa tó wà lọ́jà náà á dá sí i.

Aránṣọ Ìsọ̀kùn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kà á fún ìyá ẹgbẹ́ lórí fóònù. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà pé ká fi fọ́tò sílẹ̀, inú wọn sì dùn sí ti ìkórè. Mílíìkì ò lè dúró di ìgbà yẹn ṣá o; ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa san owó gáàsì fún ẹni tó ń rọ ọ́ fún wọn ni, àbí kí n gbé sílíńdà lọ rọ fúnra mi?