Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni a ò gbọ́dọ̀ fojú fò ní ààfin ọba Beijing?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mò ń lọ ra ọjà ní Ṣáínà lóṣù Kẹwàá, màá mú ìyá mi dání. Wọ́n fẹ́ rí ààfin àwọn ọba àtijọ́ ní Beijing, èyí tí òyìnbó ń pè ní Forbidden City. Ọjọ́ kan péré la ní, wọn ò sì lè rìn púpọ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà gan-an. Ibo la ó dojú kọ?

Àlejò Guangzhou: Ẹ má lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n máa ń tì í. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù náà pẹ̀lú, ìsinmi ńlá wọn ni, èrò kì í gbẹsẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, 60 yuan lẹ́nì kan, kẹ́ ẹ sì mú páásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ fi rà á dání. Ẹnubodè Wumen ní gúúsù lẹ ó gbà wọlé, àríwá lẹ ó gbà jáde.

Ìyá Oníṣọ̀nà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá pẹ́ ní Taihedian, gbọ̀ngàn ńlá tí ìtẹ́ ọba wà. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọ inú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà la ti ń yọjú, nítorí náà ẹ ní sùúrù títí wọ́n á fi dé iwájú. Igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò ni ìtẹ́ náà, drágónì ló lọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n wá gbójú sókè: drágónì mìíràn wà ní àjà, bọ́ọ̀lù dídán sì ń fì lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn wọn ni pé bí ẹni tí oyè kò tọ́ sí bá jókòó síbẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹn á já lù ú. Ẹ wo ère erin tó gbé ìkòkò sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, àlàáfíà ìlú nìyẹn. Luduan náà wà níbẹ̀, ẹranko inú ìtàn tí wọ́n ní ó gbọ́ gbogbo èdè. Níta, ìjàpá idẹ olórí drágónì àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọba. Ikùn wọn ṣófo. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n á ki tùràrí sínú wọn, èéfín á máa tú jáde lẹ́nu.

Akéwì Ìbàdàn: Ẹ kú àlàyé, mà. Ẹ fi Qianqinggong, gbọ̀ngàn ìtẹ́ mìíràn nínú ààfin náà, kún un. Pátákó kan wà lókè ìtẹ́ ibẹ̀. Láti ìgbà Ọba Yongzheng, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú àpótí tí orúkọ àrólé wà nínú rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ ọba má baà máa para wọn nítorí oyè. Wọn kì í ṣí i, àfi lẹ́yìn tí ọba bá wàjà. Ọgbọ́n ńlá ni lójú tèmi.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ ṣeun gan-an. Yàrá ohun iyebíye wá ńkọ́?

Ìyá Oníṣọ̀nà: Owó ọ̀tọ̀ ni, 10 yuan, ìrìn rẹ̀ sì tún pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń dun Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn àgbá idẹ ńlá tí wọ́n fi ń pọn omi sílẹ̀ de iná wà lójú ọ̀nà yín. Ẹ wo ara wọn dáadáa: ojú ibi tí àwọn ọmọ ogun òkèèrè ti fi ọ̀bẹ ìbọn ha wúrà wọn lọ ní 1900 ṣì hàn.