Ríìngì tuntun ni mo fi sí i, kí ló dé tí CG125 mi ṣì ń rú èéfín?

ỌmọAlùpùpù:
Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí nínú gáráàjì ilé mi, lálaalẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Honda CG125 ni, èyí tó ń fi ọ̀pá ti fáàfù, tí kò ní ṣéènì nínú. Bàbá mi ló gùn ún kó tó di tèmi. Ó ti ń jẹ ọ́ìlì tipẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi tú u. Mo ra ríìngì tuntun, ìyẹn àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká, mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, mo ha gbogbo èédú tó dì mọ́ orí písítìn. Mo fi bẹntiróò fọ sílíńdà, mo nù ún, mo dè é padà. Kíkì kẹta ló jí. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti gùn ún tó 200 kìlómítà, kò dáwọ́ dúró. Àwọ̀ aró ni èéfín náà, òórùn ọ́ìlì tó jóná ló sì ń run. Tí mo bá yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, ó ti ń lọ sílẹ̀. Ṣé ríìngì tí mo rà ni kò dáa, àbí èmi ni mo ṣi nǹkan ṣe?

Alágbẹ̀dẹ Ẹ̀yìnkùlé:
Àbúrò, kú iṣẹ́. Kó o tó tú u lẹ́ẹ̀kejì, wò ó dáadáa, ìgbà wo gan-an ni èéfín ń jáde? Tó bá jẹ́ ìgbà tó o bá fún un níná ni, pàápàá tó bá ń gun òkè, ìdí ríìngì ni kó o máa wò. Tó bá jẹ́ pé láàárọ̀ tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i ló máa ń tú pùù kó tó dá, róbà ìdí fáàfù ló ti jẹ, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Wá compression gauge, géèjì tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kà á ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, bu ṣíbí tíì kan ọ́ìlì sínú ihò pulọ́ọ̀gì, kó o tún un kà. Tó bá gòkè gan-an, ríìngì àti sílíńdà ni. Tí kò bá gòkè, fáàfù ni.

Gbẹ́rọ́ga:
Má tú nǹkan kan. Ríìngì tuntun máa ń pẹ́ kó tó jókòó. Máa gùn ún lọ títí á fi di 1,000 kìlómítà.

ỌmọAlùpùpù:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí mo bá fún un níná ni. Tó bá dúró lójú kan, kò sí nǹkan kan. Ní gbígbẹ, géèjì kà 7 bar. Lẹ́yìn tí mo bu ọ́ìlì sí i, ó di 10.

Ìyá Sípánà:
Ẹ má bínú, Gbẹ́rọ́ga, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ìwọ̀nba kìlómítà àkọ́kọ́ ni ríìngì fi ń jókòó. Sílíńdà tí kò bá gbà á láyè nígbà yẹn, gígùn kò ní tún un ṣe.

Àbúrò mi, ohun tó o ò kọ ló ń kọ mí lóminú: o ò sọ pé o wọn sílíńdà. Ojú ríìngì tuntun kì í dán pátápátá. Ṣe ló yẹ kí òun àti ògiri sílíńdà jọ ha ara wọn títí wọ́n á fi bá ara mu rẹ́gí. Sílíńdà tó ti dán bíi dígí kò ní ohun tó máa fi ha á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi òkúta họ́ọ̀nù fa ìlà sí i, kí àwọn ìlà náà kọjá lórí ara wọn bí ìgbà tí wọ́n hun ẹní. Inú ìlà yẹn náà ni ọ́ìlì ń dúró sí.

Àmọ́ má tíì mú họ́ọ̀nù. Mú ríìngì òkè, fi í sínú sílíńdà lófìfo, fi orí písítìn tì í kó má baà dagun. Fi feeler gauge, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ríìngì kì í dé. Gbé e wá sókè, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ẹnu sílíńdà, tún wọ̀n ọ́n. Òkè níbẹ̀ ló máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni iná ti ń bú, ọ́ìlì ò sì pọ̀ níbẹ̀. Yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, fi 3.14 pín in. Ohun tó bá jáde ni sílíńdà fi fẹ̀ sí i. Tó bá ti ju 0.10 mm lọ, má náwó sórí ríìngì mọ́. Gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ kó gbẹ́ ẹ, kó o ra písítìn tó fi 0.25 tóbi ju 56.5 mm tó bá a wá láti ilé iṣẹ́.

Wo ríìngì kejì náà. Lẹ́tà kékeré kan wà nítòsí ẹnu rẹ̀, òkè ló yẹ kó kọjú sí. Tó bá dojú délẹ̀, dípò kó máa ha ọ́ìlì lọ sísàlẹ̀, ṣe ni yóò máa pọn ọ́n bí ẹni ń pọnmi.

Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, mo bẹ̀ ọ́, má fi bẹntiróò nìkan fọ̀ ọ́. Ọ̀rá ló máa gbé lọ, á fi iyanrìn òkúta sílẹ̀ nínú ìlà. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Máa fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ ò fi ní dúdú mọ́, kó o sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí kì í pẹ́ rárá tó fi ń dógùn-ún.

Alágbẹ̀dẹ Ẹ̀yìnkùlé:
Ó tán síbẹ̀. Kó o sì fi aṣọ dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kó o tó yọ kílíìpù tó di písítìn mú. Tí kílíìpù yẹn bá já sínú, wàá tú gbogbo rẹ̀.

ỌmọAlùpùpù:
Mo ti tú u. Lẹ́tà ríìngì kejì wà lókè, ìyẹn ò ṣe mí. Àlàfo ìsàlẹ̀ jẹ́ 0.25, tòkè jẹ́ 0.65. Mo pín in, ó lé ní 0.12. Nígbà tí mo wá fi èékánná fa ògiri rẹ̀ wá sókè, ó kọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí ríìngì ti ń yí padà. Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi gùn ún ló wà nínú àpá yẹn. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

ỌmọAlùpùpù:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo padà wá jábọ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé 56.75. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo nù ún kí aṣọ funfun tó jáde bó ṣe wọlé. Mo kọjú àmì IN tó wà lórí písítìn sí ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀, mo lo kílíìpù tuntun, mo fi àlàfo fáàfù méjèèjì sí 0.08 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Mo ti gùn ún tó 300 kìlómítà báyìí, ọ́ìlì ò kúrò lójú àmì. Lánàá, ìyàwó mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí mo fún un níná. Ó ní òun ò rí nǹkan kan.