Iyùn kì í ṣe òkúta: lórí ohun tí a ó máa pe ọ̀sìn inú àpótí gíláàsì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjíròrò.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a lè fún ìfẹ́ tó ń mú èèyàn tọ́jú iyùn òkun nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀ nínú ilé fún ọdún pípẹ́ láìsú u. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá ni "ìtara olókùúta-òkun". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ "òkúta", mi ò sì fara mọ́ "ìtara", nítorí ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò pa ohun tó ń sìn.

Iyùn pupa tí àwọn ọba ń wọ̀ sọ́rùn, egungun ẹ̀dá inú òkun ni. Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń kó o, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹyọ ṣe jẹ́ ìkarahun ìgbín òkun. Nígbà tí iyùn wà láàyè, ó ní ẹnu tí ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ká, ó ń jẹun, ní ti ọ̀pọ̀ iyùn tí a ń sìn nílé, ewé omi tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ sì ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ fún un. Nítorí náà, "iyùn ààyè" ni kó máa jẹ́, kí ibi tí wọ́n pọ̀ sí lókun jẹ́ "àpáta iyùn", kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ "ọ̀sìn iyùn", bí a ti ń wí ọ̀sìn adìẹ. Òkúta kì í béèrè oúnjẹ. Iyùn tó ń kọ́ egungun ń fa kálísíọ̀mù inú omi lójoojúmọ́: ó yẹ kí ó wà láàrin mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan, kí alkalinity, ìyẹn agbára omi láti tako kíkan, sì dúró sí 8 sí 9 lórí òṣùwọ̀n dKH. Bí alkalinity bá lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sókè ju dKH 1 lọ lóòjọ́, torí fífò lójijì a máa bó ẹran ara kúrò lára egungun. Ibi kan ṣoṣo tí "òkúta" ti bá a mu ni òkúta oníhò tí bakitéríà fi ṣe ilé, èyí tí ẹnì kan pè ní "òkúta abẹ̀mí". Ìyẹn dára gan-an.

"Ìyípo omi" tí àwọn kan ń pe àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àpótí tuntun, kí ẹja tó wọ̀ ọ́, kò yé ẹnikẹ́ni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Omi kì í yí nígbà náà, ó ń gbó ni, bí àgbàdo ṣe ń gbó. Amóníà, májèlé tó ń ti inú ìdọ̀tí wá, á kọ́kọ́ ga, bakitéríà á sọ ọ́ di nítíráìtì, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nítíréètì. Nígbà tí méjì àkọ́kọ́ bá di òdo, tí ẹ̀kẹta sì hàn nínú àyẹ̀wò, omi ti gbó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹja tí wọ́n bá jù sínú omi tí kò tíì gbó, amóníà ni yóò jó ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí.

Ẹ má sì jẹ́ ká da "ìpààrọ̀ omi" pọ̀ mọ́ "àfikún omi". Nínú àpótí lítà 200, ìpààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn kí a da omi àtijọ́ nù kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, jẹ́ lítà 20, pẹ̀lú nǹkan bíi gíráàmù 700 iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún iyùn, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Àfikún ni ti omi tí ooru fà lọ. Iyọ̀ kì í bá omi fò lọ, nítorí náà omi tí a ti sẹ́ mọ́, tí kò ní iyọ̀, la fi ń kún un. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ ṣe àfikún yóò rí i pé iyọ̀ kọjá 35 nínú ẹgbẹ̀rún, á sì máa wá ìdí tí iyùn fi kó ọwọ́ sínú.

Fún iyùn tí àwọ̀ rẹ̀ lọ tó wá funfun, "ṣá" ni mo dábàá. Ìwọ̀n ooru 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára fún iyùn. Bó bá kọjá 30 fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó lè lé ewé omi inú ara rẹ̀ jáde, àwọ̀ rẹ̀ á sì lọ. Ẹnì kan tako èyí pé aṣọ tó bá ti ṣá kì í padà. Òótọ́ ni, iyùn sì lè padà bí ooru bá tètè rọlẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí etí ń gbà tó bẹ́ẹ̀. Fáànù tó ń fẹ́ sórí omi lè fa ooru wálẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún á pọ̀ sí i.

"Ìtara" wá ńkọ́? Ìtara ló ń mú èèyàn ra iyùn mẹ́wàá lóṣù àkọ́kọ́. Ohun tó ń gbé ọ̀sìn náà ró ni kéèyàn tẹra mọ́ ọn: kó yẹ iyọ̀ àti ooru wò láràárọ̀, kó sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìpààrọ̀ àti gíláàsì fífọ̀. Ẹ óò ní "ìtẹramọ́" kò láyọ̀ nínú, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìfẹ́ àìṣá".

Ó ku orúkọ ẹ̀rọ tó ń fi èéfọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ róbótó inú omi, kó ìdọ̀tí jáde ("protein skimmer" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ èéfọ́, á di ìhó, ìhó á sì gòkè sínú ife. Bí ọwọ́ tó ní ìpara bá kan omi, ìhó á wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. "Akóhòó" ni mo ń pè é. Ẹlòmíràn ní "agbọ́nhòó", àmọ́ gbígbọ́n jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti igbá, ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́n nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ife rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èwo lẹ ń pè é?