Báwo ni mo ṣe lè máa tọ́ àgbà sọ́nà lórí ẹní júdò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe júdò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa n'Íbàdàn. Bẹ́líìtì funfun, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni tiwọn; búráùn, tó kù díẹ̀ kó di dúdú, ni tèmi. Bẹ́líìtì la sì fi ń tò, kì í ṣe ọjọ́ orí, nítorí náà ẹ̀yìn àwọn ọmọ girama ni bàbá ń kúnlẹ̀ sí.

Ti ìtẹríba kò le, àwa méjèèjì la jọ ń tẹrí ba fúnra wa. (Mo máa ń tẹ̀ ju tiwọn lọ, kò sẹ́ni tó bá mi wí.) Ibi tó ti le ni ìṣubú, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń ṣubú láìfarapa tí wọ́n bá gbé e ṣubú: wọn kì í fi àgbọ̀n kan àyà, orí wọn sì ń lu ẹní. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà." Wọ́n ní, "Àkànní, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wa ní bẹ́líìtì ni kí n wò. Mo bẹ bàbá kí wọ́n mú ẹlòmíì, wọ́n ní àfi èmi. Mo tiẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ti gorí ẹní, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, kí ni ọmọdé tí bẹ́líìtì rẹ̀ ga máa ń sọ gan-an fún àgbà tó ń ṣubú lọ́nà tó léwu, tí kò fi ní dà bí àrífín lójú èrò?